Ìbò Méjì Péré

Ìyá Ìbejì, ẹ gbé ẹ̀fọ́ yẹn sílẹ̀ ná, ẹ wá gbọ́. Wọ́n ní n ò lè dìbò ní ìpàdé ayálégbé lánàá, torí pé owó bòhóòlù tèmi ò tíì pé. Èmi! Èmi tí mo ti wà nínú ilé yìí kí wọ́n tó kan páànù rẹ̀! Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Àwọn dókítà tó ń wo wèrè káàkiri àgbáyé ti ṣe irú ẹ̀ fún Soviet rí.

Ta ló sọ fún mi? Bùnmi ni o. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ, alaalẹ́ ló ń ka ìwé sókè bí ẹni ń kéwú. Kí n di etí ni?

Àwọn dókítà yìí lẹ́gbẹ́, World Psychiatric Association ni wọ́n ń pè é. Párìsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ pé jọ lọ́dún 1950. Jean Delay ni alága, Henri Ey ni akọ̀wé. Ẹ ṣáà mọ ìpàdé àkọ́kọ́: kò tíì sẹ́ni tó jẹ gbèsè. Ìgbà tó di 1961, ní Montreal ní Kánádà, ni wọ́n wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ gan-an, tí wọ́n fi Ewen Cameron jẹ ààrẹ.

Cameron yìí, Ìyá Ìbejì! Nílé ìwòsàn rẹ̀ níbẹ̀, á fún aláìsàn lóògùn oorun, onítọ̀hún á sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n á máa fi iná mànàmáná gbọ̀n ọ́n lórí, wọ́n á tún tan ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà sí i létí tọ̀sán-tòru. Ó fẹ́ nu ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń nu sílétì, kó lè kọ tuntun sí i. Àwọn kan jí, wọn ò rántí ìgbésí ayé wọn mọ́. Lára owó tó fi ṣe é, ọ̀dọ̀ CIA, àwọn amí Amẹ́ríkà, ló ti wá, wọ́n kàn gbà á gba ọwọ́ ẹgbẹ́ mìíràn ni. Ààrẹ àkọ́kọ́ nìyẹn o. Ó kú ní 1967, àṣírí ò tú àfi ní 1977.

Lọ́dún 1961 yẹn náà, ní Abẹ́òkúta wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò pe àwọn dókítà ọpọlọ Áfíríkà jọ fún àpérò wọn àkọ́kọ́. Ọmọ ibí ni, Birmingham ló ti kàwé. Láti 1954 ló ti ń fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Àrò ká, tòun ti ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni náà. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà wá sí àárín èèyàn lálẹ́. Ó tún ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn ará abúlé sì ń gbowó ilé! Wọ́n rí ayálégbé gidi ju èyí tó wà ní yàrá iwájú yẹn lọ, àbí n ò mọ ohun tí mò ń sọ?

Níbo ni mo dé? Ẹ̀n-ẹ́n, Soviet. Níbẹ̀, bó o bá ta ko ìjọba, ó lè jẹ́ dókítà ni wọ́n máa pè sí ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Snezhnevsky ní Moscow ti rí wèrè kan tó ń rọra wọlé: ẹni tó ní in lè máa lọ síbi iṣẹ́, kó máa jẹun, kó máa kí ará ilé. Àmì rẹ̀ ńkọ́? Kó máa takú lórí òtítọ́, kó ní òun fẹ́ tún ìlú ṣe. Ta ló máa yè é nínú ilé yìí? Ọ̀gágun Grigorenko tó ja ogun Hitler, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tì í mọ́lé wèrè. Ó dé Amẹ́ríkà, àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò bá wèrè kankan lára rẹ̀.

Ní 1971, Vladimir Bukovsky, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ko ìjọba Soviet, kó ẹ̀rí ìwà yìí jọ ránṣẹ́ sáwọn dókítà Òyìnbó. Ẹgbẹ́ ṣèpàdé ní Mexico lọ́dún náà, wọ́n ṣe bí ẹni tí ò rí i. Bukovsky sì lọ sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀.

Ó di 1977, ní Honolulu, ọ̀rọ̀ bẹ́. Wọ́n dìbò: 90 ní kí wọ́n dá Soviet lẹ́bi, 88 ní rárá. Ìbò méjì péré! Àwọn ará Póláǹdì, ọ̀rẹ́ Soviet, ò yọjú. Àwọn Soviet fúnra wọn jẹ owó ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n lo gbogbo ìbò tó tọ́ sí wọn. Owó ẹgbẹ́, Ìyá Ìbejì! Àwọn tó gbé èèyàn lọ sínú òfuurufú ṣáájú gbogbo ayé! Ká ní wọ́n ti san án ńkọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé Vienna ń bọ̀ ní 1983, tó ti hàn pé ẹgbẹ́ máa lé àwọn Soviet, wọ́n sáré kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí ìyàwó tó ti di ẹrù kí àwọn ẹbí ọkọ tó dé. Athens ni wọ́n ti padà wá ní 1989, wọ́n jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ làwọn ti fi iṣẹ́ dókítà ṣe òṣèlú, ẹgbẹ́ bá gbà wọ́n wọlé, àmọ́ pẹ̀lú àdéhùn.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, èmi ò ti ẹnikẹ́ni mọ́lé wèrè. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló kù lọ́rùn mi.

Ta ló ń kanlẹ̀kùn yẹn? Bó bá jẹ́ akápò, ẹ sọ fún un pé mo ti kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Rárá, ẹ dúró, bòhóòlù ńkọ́? Ẹ sọ pé mo lọ sọ́jà.