Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Ife Olódi Méjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹjọ́ ife ni mo wá rò. Kì í ṣe ife lásán o. Ife gíláàsì tí ìyàwó mi fi owó àjọ rẹ̀ rà ni: ife kékeré kan wà nínú, ife ńlá kan bò ó, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ bu tíì sí i, tíì náà á dúró sí òfuurufú, kò kan tábìlì, kò kan ọwọ́. Àlejò á ní, "Háà! Èyí mà dára o!" Àlejò kò gbé ilé wa. Èmi ni mò ń gbé ibẹ̀.

Ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mu tíì. Ẹ ó gbé kọ́ọ̀pù, ọwọ́ á ní "yéè", ẹ ó gbé e kalẹ̀, ẹ ó fẹ́ ẹ, ẹ ó ní sùúrù. Àdéhùn tó wà láàárín ọwọ́ àti ẹnu nìyẹn láti ọjọ́ táláyé ti dáyé. Ife yìí ló ba àdéhùn náà jẹ́. Mo dì í mú, ara rẹ̀ ò ju kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Mo gbé e sẹ́nu, mo sì fà á dáadáa, àfi bí mo ṣe rí i pé omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ahọ́n mi bó. Àjà ẹnu mi ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀gúsí tí wọ́n sè lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni ń jẹ páálí ni. Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe yẹn. Kì í jẹ́ kí ooru jáde." Òótọ́ ni. Gbogbo ooru tí kò jẹ́ kó jáde, èmi ló ń kó o pamọ́ dè.

Àwọn tó ń tà á á máa sọ pé wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ tán. Ẹ má dá wọn lóhùn. Fíláàsì tí a fi ń gbé omi gbígbóná ni wọ́n máa ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. James Dewar, ọmọ Scotland, ló ṣe irú rẹ̀ ní 1892, gáàsì tí òtútù ti sọ di omi ló sì fẹ́ fi tọ́jú, kì í ṣe tíì. Ní ti ọ̀pọ̀ ife olódi méjì, afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin jọ ń mí lọ́fẹ̀ẹ́ náà ló wà nínú wọn. Odindi owó àjọ ni wọ́n fi ta afẹ́fẹ́ fún ìyàwó mi.

Gíláàsì rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìgò ọtí ṣá. Otto Schott, ní ìlú Jena ní Jámánì, ló po èròjà boron mọ́ gíláàsì ní apá ìparí àwọn ọdún 1800. Bí ooru bá mú un, wíwú rẹ̀ kò tó ìdajì ti gíláàsì lásán, ìdí nìyẹn tí omi híhó kì í fi í fọ́ ọ. Ẹ óò wá rò pé akọ ife ni. Irọ́ ni! Wọ́n fẹ́ ẹ tínrín jù. Ṣíbí irin kò gbọdọ̀ kàn án, èmi tí mo ti ń ro mílò láti kékeré, ṣíbí onígi tó ń rùn bí ọbẹ̀ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Yìnyín kò gbọdọ̀ já lù ú. Kò gbọdọ̀ wọ fírísà. Kànrìnkàn onírin ńkọ́? Ẹ má dán an wò, fóòmù rírọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ìyàwó mi, òun gan-an kò tíì fún mi lófin tó tó báyìí.

Ìdí ife yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà dí. Ọmọ wa rẹ ife sínú omi ọṣẹ mọ́jú, rọ́bà ọ̀kan yọ dànù, omi wọlé. Ẹ̀kán omi ń yí kiri láàárín odi méjèèjì. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kò jáde. Ẹ gbọ̀n ọ́n, kò jáde. Ẹ fi aṣọ nù ún, odi lẹ̀ ń nù. Ìyàwó mi dojú rẹ̀ dé sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ń ta sí, kí ihò lè wà lókè. Omi gbẹ lóòótọ́, àmọ́ èèrà ti rí ọ̀nà.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá kí wa, a bu sóbò fún wọn. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n wojú mi. Èèrà kan ń fẹsẹ̀ palẹ̀ lójú sóbò pupa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nínú sóbò, àárín ògiri ló wà." Wọ́n ní, "Ògiri wo?" Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni èèrà ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀, tó ń sọ mí di òpùrọ́. Omi inú ọ̀rá ni àna mi mu lọ sílé.

Ahun tún ni ife náà. Ìta rẹ̀ fẹ̀ tó ife bíà, ṣùgbọ́n píọ̀-wọ́tà kan, ìdajì lítà péré, máa ń kún méjì rẹ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn ṣá: bí omi tútù bá wà nínú rẹ̀, kì í làágùn. Nígbà òjò n'Ìbàdàn níbí, ife lásán á làágùn títí ìwé ìròyìn á fi lẹ̀ mọ́ tábìlì. Ìyàwó mi ń fi ìyẹn yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti inú oòrùn dé, ó yẹ kó rí ife tútù fi pa iwájú orí kó tó mu ún. Ẹ fi èyí pa iwájú títí ilẹ̀ á fi ṣú, gbígbẹ ló gbẹ.

Mo wá ní kí wọ́n bá mi wá kọ́ọ̀pù tánńganran mi jáde, èyí tó ti bó létí, tó ti já bọ́ láìmọye ìgbà tí kò ké. Wọ́n ní ó wà nínú àpò ìrẹsì, òun ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì báyìí. Mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n gbé e wá. Ìyàwó mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá wọn, kí la ó wá máa fi wọn ìrẹsì?"

Mo nawọ́ sí ife olódi méjì. Ẹ wá wo ojú tí gbogbo ilé fi wò mí.