Lọ́dọ̀ Wa Lọ́hùn-ún

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Akóbọ̀ ló sọ ọ́ ní Búọ̀dá Lọ́hùn-ún, orúkọ náà sì ti gba ipò èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ iná, ẹ bá a sọ̀rọ̀ omi, ẹ bá a sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta gààrí, "lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún" ni yóò fi ṣí ìdáhùn. Ẹgbẹ́ mi ni, nítorí náà mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò ní Ìlú Ọba kó tó palẹ̀ ẹrù mọ́, tó padà wálé ní oṣù kejì ọdún 2023. Ìyàwó rẹ̀ ló tú u fó fún ìyàwó mi pé ní gbogbo ìgbà tí àwọn fi wà ní Peckham, "lọ́dọ̀ wa nílé" ni Búọ̀dá máa ń sọ, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí kò bá sí ni ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ra Corolla kan tó gba Amẹ́ríkà wá, tòkunbọ̀ bíi tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ló ń ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún, yóò wọlé, yóò jókòó, yóò gbọn aṣọ rẹ̀ sábẹ́, kó tó rí i pé kò sí sítíárì níwájú òun. Kì í jáde lójú ẹsẹ̀ o. Tó bá ti fura pé a ń wo òun láti ojú fèrèsé, yóò ṣí píjìnhóòlù, yóò tú inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan, yóò yọ tíṣù kan, yóò fi nu iwájú orí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò jáde, tí yóò yí bọ̀nẹ́ẹ̀tì po wá sí ọwọ́ òsì, bí ẹni pé tíṣù gan-an ló bá wọlé.

Ó ní ọwọ́ ọ̀tún tí a ń gbà wakọ̀ yìí wà lára ohun tó ba ìlú jẹ́. Alàájì onílé wa, tó ti wa bọ́lẹ́kájà rí, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ òsì làwa náà ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 la kúrò níbẹ̀. Àṣé ibẹ̀ lo wà látọjọ́ yìí!" Lọ́jọ́ kejì, ní rọ́ńdábáòtù Mọ́kọ́lá, ọwọ́ ọ̀tún ni Búọ̀dá ń wò bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ òsì sì ni àwọn ọkọ̀ ń gbà rọ́ bọ̀. Ó kù díẹ̀ kí onímáíkírà kan gbá a kó tó dúró, ó yọ orí síta: "Bàbá, ṣé ẹ sùn ni?" Búọ̀dá ní lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún, ẹni tó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún la máa ń yàgò fún. Onímáíkírà ti lọ ní tirẹ̀.

Ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ti ọ̀hún ńkọ́? Swansea ni wọ́n ti ṣe é. Ó máa ń yọ ọ́ látinú wọ́lẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń yọ ẹyin lábẹ́ adìẹ, kí a lè rí fọ́tò, kí a sì gbọ́ bí ìdánwò ibẹ̀ ṣe le tó. Ohun tí kì í sọ ni pé ó ní tiwa lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ. Ọdún 1998 ló gbà á, nínú páálọ̀ bàbá rẹ̀: wọ́n kó fọ́tò àti owó lọ, wọ́n gbé láísẹ́ǹsì bọ̀ nínú àpòòwé, kò sì tíì di sítíárì mú rí lọ́jọ́ náà. Ìlú Ọba máa ń gbà kí ẹni tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ fi ìwé tó gbé wá wakọ̀ fún oṣù méjìlá péré. Tó bá ti pé, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kó gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́, kó lẹ L pupa mọ́ ọkọ̀, kó ṣe ìdánwò inú kọ̀ǹpútà, kó tó ṣe tojú títì. Ìgbà mẹ́rin ni Búọ̀dá ṣe tojú títì. Ìyàwó rẹ̀ náà ló sọ ọ́.

Nítorí náà, nígbà tó kéde pé òun fẹ́ gba láísẹ́ǹsì nílé ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, kí gbogbo wa wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo tẹ̀ lé e. Ó wọ kóòtù nínú ooru oṣù kẹta, ó gbé fáìlì mọ́yà. Aago mẹ́jọ la dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọwọ́ mẹ́ta ló wà nínú káàdì kékeré yẹn: ti VIO tó ń wò ó bóyá èèyàn mọ ọkọ̀ wà, ti àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀, àti ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tó ń ya fọ́tò, tó sì ń gba ìtẹ̀ka. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Búọ̀dá ti wo aago ọwọ́ rẹ̀ tó ìgbà ogún. Ẹni yìí kan náà ló máa ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù ọ̀hún, tí kì í la ẹnu.

Ó ní kí ni a fẹ́ retí, ṣebí àwọn tí kò kàwé ló dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀. Mo ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága wọn àkọ́kọ́, ní 1988. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìyẹn ṣáà lọ kàwé ní Leeds.

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan ti yọ sí wa lábẹ́ igi. Kò ṣe ju gbólóhùn kan lọ: "Ọ̀gá, irú yín kọ́ ló yẹ kó máa tò." Ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n fi ń to Búọ̀dá bí àwo lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó sọ irú rẹ̀ fún un rí. Ká tó ṣẹ́jú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ti kúrò nínú àpò kóòtù lọ sínú àpò ọmọ náà, yàtọ̀ sí owó ìwé. Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀, Búọ̀dá ń ṣàlàyé fún mi pé ẹni tí èèyàn mọ̀ nínú ló ṣe pàtàkì.

Ọmọ náà kò mọ ẹnikẹ́ni nínú. Èmi padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì nítorí láísẹ́ǹsì tèmi tó fẹ́ parí, mo sì bá a lórí ìlà níwájú mi, fáìlì Búọ̀dá lábẹ́ apá rẹ̀. Ó fi fóònù kọ ohun tó yẹ kó kọ, ó sanwó síbi tó yẹ, ó ń tò. Nígbà tó kan fọ́tò, ó pe Búọ̀dá kó wá dúró sípò òun, torí àtàǹpàkò nìkan ni kò ṣeé rán níṣẹ́. Wọ́n fún Búọ̀dá ní bébà tó lè lò fún 60 ọjọ́ kí káàdì tó dé.

Ínṣọ́ránsì ló wá kàn. Búọ̀dá gbé lẹ́tà kan láti Lọ́ńdọ̀nù lọ bá àwọn adójútòfò, lẹ́tà tó jẹ́rìí pé fún ọdún mẹ́sàn-án kò fi ọkọ̀ kọlu ẹnikẹ́ni, kí wọ́n bá òun yọ nínú owó. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ka lẹ́tà náà tán tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ kú oríire, sà. Tẹ́ẹ̀dì-pátì, iye kan náà ni fún gbogbo ọkọ̀ ilé, 15,000 náírà." Títí ìparí 2022, 5,000 ni. Búọ̀dá, tó máa ń san owó tó ju 15,000 yẹn lọ lóṣù ní Peckham láì kùn, ní wọ́n fẹ́ fi òun ṣe màlúù. Ó jáde, ó rí ọkùnrin kan lábẹ́ agboòrùn tó ń tà á ní 4,000, òǹtẹ̀ gìrìwò lórí rẹ̀, ó rà á.

Oṣù karùn-ún, ní Bódìjà, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó wo díńgí tí kò yẹ kó wò, ó tẹ ilẹ̀kùn Máíkírà kan wọnú. Kò mì. Ó na ínṣọ́ránsì sí onímáíkírà. Ìyẹn tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí fóònù, síbi tí àwọn adójútòfò kó gbogbo ọkọ̀ tó ní ìwé sí. Kò sí níbẹ̀. Búọ̀dá ní nẹ́tíwọọ̀kì ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn aláta dìde wá wò. Ká ní ojúlówó ni, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ì bá tún ilẹ̀kùn ṣe. Ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà tí wọ́n lè san lórí ohun tí èèyàn bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn. Búọ̀dá ka ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta lé onímáíkírà lọ́wọ́ lójú ọjà. Nàìjíríà ló ń bú nínú ọkọ̀ títí a fi dé ilé.

Èmi ò gbà pé ilé ló bà á jẹ́. Ìwà tó ń fọ́nnu nípa rẹ̀ lọ́hùn-ún, kámẹ́rà ló ni ín: tí pọ́ìǹtì bá pé méjìlá láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n lè gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀. Níbi tí kò ti rí kámẹ́rà, ó ra ti abẹ́ agboòrùn.

Bébà 60 ọjọ́ náà ti gbó nínú píjìnhóòlù báyìí. Níbi ìnáwó tí a lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń sọ fún odidi tábìlì pé ìjọba kò lè tẹ káàdì lásán, pé lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún, ojú ihò lẹ́tà ni wọ́n máa ń sọ ọ́ gbà wọlé. Mo rí ọmọkùnrin yẹn ní Sátidé. Ó ń tò fún ẹlòmíràn. Ó ní káàdì Búọ̀dá ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹjọ, àtàǹpàkò kan náà ni wọ́n ń dúró dè.