Kóńgò Kan, Iye Mẹ́ta

Ọmọ mi kì í lọ sílé ìwé. Ní Houston tí à ń gbé, kò sẹ́ni tó máa yíjú wo èèyàn tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1994 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Texas ti dá a lẹ́jọ́ pé ilé tí òbí bá ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé bó ṣe yẹ, ilé ìwé aládàáni lòun náà, ìjọba kì í kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti ìwà ọmọ ìlú rere: ẹ ṣáà kọ́ ọ, ó parí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwa òbí tí a jọ ń ṣe é á kó àwọn ọmọ jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, tísà á kọ́ wọn, á sì di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ lé wọn lórí. Ìyókù ọ̀sẹ̀, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Tó bá fi máa di alẹ́ Sọ́ńdè, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ tísà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àǹfààní ẹ̀ ni pé èèyàn lè di ilé ìwé sínú báàgì, kó gbé e wálé nígbàkigbà tí owó bàálù bá wálẹ̀.

A sì gbé e wá sí Agbowó, níbi tí pátákó lẹ́sìn JAMB, WAEC àti Post-UTME pọ̀ ju igi lọ, tí géètì Yunifásítì Ìbàdàn sì kọjú sí wa ní òdìkejì títì. Ìyá mi wo ọmọ ọdún 15 tó jókòó ti kọ̀ǹpútà láago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ. Ó fà mí wọ yàrá. "Kí ló ṣe tí wọ́n fi lé e?" Mo ní wọn ò lé e. "Àbí owó ni ò sí?" Mo ṣàlàyé Texas títí ẹnu fi dá mi. Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 gbé dé kíláàsì. Ó ní, "Awólọ́wọ̀ ní kí ọmọ gbogbo ayé lọ sílé ìwé. Ìwọ dé Amẹ́ríkà, o ní kí tìẹ jókòó sílé." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bá a gba tísà lẹ́sìn, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì kan tó ń gbé ládùúgbò.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn dá lé ọrọ̀ ajé. Kí ọmọ mú ọjà kan, kó wádìí iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, kó ya tébù, kó sì sọ ìdí tí iye náà fi yàtọ̀ síra. Ní Houston, wọ́n ti lẹ iye mọ́ gbogbo ọjà, o ò sì ní bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀ tí wàá fi ṣe é tán. A mú kóńgò ẹ̀wà olóyin kan. A dorí kọ ọjà Bódìjà, tísà lẹ́sìn tẹ̀ lé wa.

Ẹ bá mi wo ọmọ yìí o. Awò lójú, pátákó ìkọ̀wé lọ́wọ́, káàdì tí wọ́n fi ń wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ó dúró gbọnrangandan síwájú ẹlẹ́wà àkọ́kọ́. "Ẹ káàsán, mà. Èló ni kóńgò kan?" Ìyá dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó yí padà.

"Ọmọ yìí, kí lo kọ síbẹ̀?"

"Iye ẹ̀wà yín ni, mà. Wọ́n ní kí n mú u wá."

"Àwọn wo ló ní kó o mú u wá?"

Kí n tó lanu, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ ọjà: "Káńsù ti dé o!" Àwọn kan ń fi tapólì bo àpò ẹ̀wà, ẹnì kan ti sáré lọ pe ìyálọ́jà. Ìyá kan fa tíkẹ́ẹ̀tì yọ láti inú ìlàbàrú, ó nà án sí ọmọ mi nímú: "A ti gba tòní!" Ọmọ mi gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ iye tó wà lára ẹ̀ sínú tébù. Ibẹ̀ ni ọjà ti fẹ́ dàrú.

Tísà lẹ́sìn ló gbà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku. "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú. Ọmọ yín ni, òkè òkun ló ti dé, ẹ̀wà ló fẹ́ rà." Ó wá bá ọmọ náà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ẹni tó bá béèrè iye ọjà tí kò ná an, ẹlẹ́mìí èṣù ni. Wọ́n fún un ní bẹ́ǹṣì. Àwọn tó fẹ́ lé e lẹ́ẹ̀kan ló di olùkọ́ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá kìíní, iye já wálẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ lọ́dọ̀ ìkejì, wọ́n pè é padà. Ìkẹta ò gé kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé orí kóńgò ga títí ẹ̀wà fi ń já bọ́, ó sì fi ènì lé e. Ọmọ mi ki ọwọ́ sínú kóńgò ìkejì, ó bá a pé wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú. Gbogbo ẹ̀ ló kọ. Tísà Houston fèsì pé èwo gan-an ni iye ẹ̀wà nínú wọn? Ó dáhùn pé gbogbo wọn ni.

Nílé, ìwé kíkà ẹ̀ kò dá jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ayálégbé tó ń lọ aṣọ ní kọ́rídọ̀ á pariwo pé X kì í ṣe méje. Ní Houston, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń kọ́. N kì í fẹ́ rántí ìyẹn púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Tísà lẹ́sìn wa yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́sìn lọ́dún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU ti yunifásítì pa láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Ó mọ ìṣirò, ó mọ̀ ọ́n kọ́. Mo ròyìn ẹ̀ fún àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ mi ní Houston, wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ àwọn lórí Zoom. Àwọn yìí ń san owó dọ́là fún tísà òyìnbó ní wákàtí wákàtí, wọn ò sì jẹ́ ná an. Tísà Agbowó dárúkọ iye tiẹ̀, wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, ṣé ó mọ iye náírà tíyẹn jẹ́ ni. Wọ́n gé e sí ìdajì. Ìdajì náà, oṣù á parí, wọ́n á ní báńkì ń da àwọn láàmú.

Ẹ̀yin ará Houston, ẹ mọ ara yín. Owó oṣù tó kọjá ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ bá a san án.