Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Wa Volks, Lórí Ọ̀rọ̀ Phaeton

Ẹ̀gbọ́n wa Volks,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ará Wolfsburg wà? Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ṣì wà níbi tí ẹ mọ̀ wá sí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúkọ yín náà ò tíì kúrò lẹ́nu wa, nítorí òun la fi ń júwe ọ̀nà. Dánfó tó bá kúrò ní Mile 2, kọ̀ndọ́ rẹ̀ á máa ké tantan pé, "Barracks, Volks, Ìyànà Ìbà, Okoko! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ LASU tó ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí, wọn ò tíì bí wọn nígbà tí ẹ kó ẹrù yín. Orúkọ àdúgbò lásán ni wọ́n pe Volks.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti kọ ìwé yìí sí yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ, gbangba lẹ ti ṣe é. A gbọ́ pé ẹ lọ jókòó sáàárín àwọn ọlọ́lá, ẹ gbé ọkọ̀ kan jáde tí ẹ pè ní Phaeton, ẹ ní kí Mẹ̀sí sún fún yín. Ẹ̀gbọ́n, ta ló rán yín níṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ibi tí a ti mọ̀ yín. Láti oṣù Kẹta ọdún 1975 lẹ ti ń to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Badagry. Ìjàpá wà níbẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ wà níwájú, tí kì í sì í bèèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgalà náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasília. Ẹ to Passat, ẹ to Audi 100, ṣùgbọ́n ẹranko inú àlọ́ méjèèjì yẹn ló mú yín wọ agboolé. Tíṣà ra Ìjàpá, nọ́ọ̀sì ra Ìjàpá, akọ̀wé kékeré tó ṣì ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ra Ìjàpá, gbogbo wọn sì máa ń wọ̀ ọ́ tán lọ́jọ́ Sunday.

Ti bọ́ọ̀sì yín ni kò ṣeé gbàgbé. Transporter tí àwọn ará Jámánì fi ń kó ẹbí lọ sinmi létí òkun, àwa kùn ún ní yẹ́lò, a fi ọ̀dà dúdú fa ìlà sí i lára, a tú àga inú rẹ̀ dànù, a kan bẹ́ńṣì sí i, a sì sọ ọ́ di dánfó. Mẹ́rin-mẹ́rin la máa ń jókòó, orúnkún ẹnì kan nínú ẹ̀yìn ẹnì kejì. Okùn ló ń di ilẹ̀kùn mú, ọwọ́ kọ̀ndọ́ ló sì ń di okùn mú. Níwájú gbogbo rẹ̀, àmì yín, V lórí W nínú òbìrípo, tó tóbi ju orí awakọ̀ lọ. Lórí ọ̀nà Badagry, àmì yẹn la máa ń kọ́kọ́ rí lókèèrè kí a tó mọ̀ bóyá Okoko ni ọkọ̀ ń lọ tàbí Agbara. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Nígbà yẹn kúkú, oníkálukú mọ ipò rẹ̀. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna wà fún ọ̀gá ìjọba. Mẹ̀sí wà fún olówó, a ń pè é ní ọ̀bọ̀kún, a sì ń pe èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Ẹ̀yin ni ti gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó bú yín sí i. Nígbà tí ẹ sì ń lọ, a mọ ìdí tí ẹ fi lọ: náírà já lulẹ̀ lẹ́yìn ètò ọrọ̀ ajé SAP ti ọdún 1986, ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ẹ ń kó wọlé láti òkèèrè di ọ̀wọ́n gógó, tòkúnbọ̀ tó ń ti Kútọnu gba Seme wọlé sì ń gba iwájú géètì yín gan-an kọjá lọ sí ìgboro, ó ń fọn fèrè sí yín. Ta ni yóò ra tuntun? A káàánú yín.

Àṣé nígbà tí a ń káàánú yín, ohun mìíràn lẹ ń rò.

Lóòótọ́, Mẹ̀sí ló kọ́kọ́ tọ́ yín. Ní 1997 ó gbé A-Class kékeré jáde, ó sọ̀kalẹ̀ wá bá yín du oníbàárà lọ́jà. Ọ̀gá yín ìgbà náà, Ferdinand Piëch, tó jẹ́ ọmọ-ọmọ Ferdinand Porsche tó ya àwòrán Ìjàpá, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tọ́ níjà tó ń lọ sùn. Ó ní bí Mẹ̀sí bá lè sọ̀kalẹ̀, Volks náà lè gòkè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ẹ ṣí ilé-iṣẹ́ kan ní Dresden tó jẹ́ pé gíláàsì ni ara rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó ń kọjá lójú títì lè wo àwọn òṣìṣẹ́ yín níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nínú aṣọ funfun, lórí pákó dídán tí ẹ fi tẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin la àárín ìlú kọjá wá síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí fún ará Okoko. Reluwé tí wọ́n ṣèlérí pé yóò dé ọ̀dọ̀ tiwọn, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina ní 2023, Mile 2 ló dúró sí.

Ní 2002, Phaeton jáde. Wọ́n ní Piëch ti pàṣẹ fún àwọn ẹnjinníà yín pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè sá eré 300 kìlómítà ní wákàtí kan láti òwúrọ̀ dalẹ́, bí ooru ìta bá tilẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 50, kí inú ọkọ̀ sì tutù sí ìwọ̀n 22. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ooru yẹn, ẹ jẹ́ ká gbà pé a ń sún mọ́ ọn. Ti eré yẹn ńkọ́? Ní Ìyànà Ìbà nírọ̀lẹ́, àfi kí ẹ yọ òdo méjèèjì kúrò lẹ́yìn mẹ́ta. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ẹ ṣe iṣẹ́ náà. Atẹ́gùn tútù rẹ̀ ń tú káàkiri láìfẹ́ sí ẹnikẹ́ni lójú, èèyàn mẹ́rin nínú rẹ̀, oníkálukú ló ń yan ọ̀yẹ́ tirẹ̀. Phaeton tó lágbára jù gbé ẹ́ńjìnnì oníhò 12. Kò sí Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ kankan ní gbogbo Ọ̀jọ́ nígbà ayé wa tó lè na ọwọ́ sí i.

Ẹ wá gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ dá owó lé oníhò 12 yẹn, nǹkan bíi 95,000 dọ́là. Kí ọdún 2006 tó parí, ẹ ti gbé e kúrò níbẹ̀. Iye tí ẹ tà ní gbogbo Amẹ́ríkà fi díẹ̀ ju 3,000 lọ. Ẹ ti ṣètò ilé gíláàsì yẹn fún 20,000 lọ́dún. Kò sí ọdún kan tí ẹ débẹ̀. Nígbà tí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2016, gbogbo èyí tí ẹ ti tò láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 84,000. Àwọn oníṣirò ilé-iṣẹ́ Bernstein tilẹ̀ fojú bù ú ní 2013 pé ohun tí ẹ ń pàdánù lórí ẹyọ Phaeton kọ̀ọ̀kan lé ní 28,000 yúrò. Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá kàn dúró lẹ́nu géètì tí ẹ ń pín owó náà fún àwọn tó ń kọjá, ẹ̀ bá ti ní ọ̀rẹ́ jù báyìí lọ.

Mi ò ní sọ pé ọkọ̀ náà kò dára. Ohun tó ń dun mi gan-an nìyẹn, ó dára. Ẹ ra Bentley ní 1998, ẹ sì fi egungun Phaeton yìí kan náà mọ Bentley Continental GT. Nígbà tó yá, ẹ tilẹ̀ ń to díẹ̀ lára Flying Spur ti Bentley nínú ilé gíláàsì ní Dresden yẹn. Egungun kan náà, òrùlé kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ aláṣọ funfun kan náà. Olówó ń rọ́ lọ ra ti Bentley. Wọ́n wo Phaeton látòkè délẹ̀, wọ́n rí V lórí W níwájú rẹ̀, wọ́n sì rántí dánfó.

Àbí ẹ rò pé ìtura ni olówó ń fi ọkọ̀ ńlá wá? Ìtura wà nínú yàrá rẹ̀. Ojú ẹni tó ń wò ó ló ń rà. Ẹ wá sí gbọ̀ngàn ìnáwó kan ní Ìbà lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onígángan lẹ́nu ọ̀nà. Imú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó mọ oríkì tí ọwọ́ wọn máa bọ́ sí. Bí Mẹ̀sí bá yọ, ìlù ti ń pe baba ńlá ẹni tó wà nínú rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí jíìpù Lexus bá yọ, bákan náà. Wàyí o, kí Alhaji kan tó ná 95,000 dọ́là wá yọ pẹ̀lú Phaeton. Onígángan á wo òbìrípo iwájú yẹn, á fi kọ̀ǹgọ́ tọ́ka sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, á ní, "Ẹ gba ibẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ń já ìkòkò ọbẹ̀ sí."

Toyota mọ èyí kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Bí ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn ní Ìyànà Ìbà bá rí owó, tó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ fún àwọn tó ń wọ táì, kò ní í kọ "Ìyá Ẹlẹ́wà" sí ojú pátákó. Á wá orúkọ mìíràn, á gba ọmọge tó ń sọ òyìnbó síwájú, ìkòkò ẹ̀wà á sì wà lẹ́yìnkùlé níbi tí ojú oníbàárà ò ti ní í tó o. Ohun tí Toyota ṣe ní 1989 nìyẹn tó fi bí Lexus: orúkọ tirẹ̀, àmì tirẹ̀, ilé ìtajà tirẹ̀. Nígbà tí àbùkù yọ lára LS 400 kí ọdún náà tó parí, wọ́n gbà á wọlé, wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ yẹn gan-an ló sì kọ́ orúkọ fún wọn. Títí dòní, mẹkáníìkì Èkó wo ló mọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí Camry ni Lexus ES? Á fi ẹ̀yà ara ti ìkíní tún ìkejì ṣe, kò ní lọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ pe oní-Lexus ní oní-Toyota lójú àwọn àna rẹ̀, kí ẹ wo bí ojú rẹ̀ yóò ti rí.

Ẹ tún wo àwọn tó wọ ilé tí ẹ kó kúrò ní Ọ̀jọ́. Ilé-iṣẹ́ Stallion ló ni ibẹ̀ nígbà tó yá, Nissan àti Hyundai sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lórí ilẹ̀ yín ní 2014. Nissan ti ní Infiniti láti 1989. Hyundai gbé Genesis jáde ní 2008 lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ó rí i pé ojú ò tó, ó sì kọ́ ilé tirẹ̀ fún un ní 2015. Àwọn tó wá sùn nínú yàrá yín gan-an mọ̀ ọ́n. Ẹ ò bi wọ́n.

Ó yẹ kí n gbè yín lẹ́yìn díẹ̀ báyìí, nítorí ará ilé ni yín. Àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn Phaeton ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, wọ́n sì ní àwàdà kan níbẹ̀ pé Mẹ̀sí àti Land Rover kò ba àwọn lẹ́rù, Volks tí wọ́n kọ lẹ́tà sí nídìí ni kí èèyàn ṣọ́ra fún. Ìdí ni pé Phaeton jọ Passat tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá gbá a lẹ́yìn á rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, títí owó àtúnṣe á fi dé. Ẹ̀yin tó gbọ́n ní Wolfsburg, kí ló dé tí ẹ ò fi gbé irú ọkọ̀ yẹn wá síbí? Ṣé ẹ mọ iye olówó tó ń fara pamọ́ ní Èkó? Ọkọ̀ tí èèyàn lè fi lọ ra ilẹ̀ ní Ìbà láìjẹ́ pé ọmọ onílẹ̀ fi owó kún owó! Ọkọ̀ tí èèyàn lè gbé wọ Alaba, tí ọlọ́jà á sì fi gbà pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni, á dín owó tẹlifíṣọ̀n fún un. Ọkọ̀ tí mọ̀lẹ́bí á rí, tí wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, òun náà ń gbìyànjú." Ẹ̀ bá ti kọ ìyẹn sínú ìpolówó ọjà, kí ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹ́ńjìnnì rárá. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun fún ẹni tí kò fẹ́ ohun mìíràn ju kí wọ́n mọ òun lọ.

Ó ti pẹ́ jù báyìí. A gbọ́ pé àwọn Phaeton àtijọ́ ti dínwó gan-an lọ́jà tòkúnbọ̀ ní Yúróòpù. Bí ó bá wá sí yín lọ́kàn láti fi ọ̀kan ta wá lọ́rẹ, kí a gbé e sí bọ́sítọ́ọ̀pù tó ń jẹ́ orúkọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì méjì ló wà nínú rẹ̀, àwọn riwáyà wa á yọ ọ̀kan lọ́jọ́ tó bá dé. Kọ̀ǹpútà tó ń darí atẹ́gùn tútù á kọṣẹ́ nínú eruku Okoko, wọ́n á gé wáyà rẹ̀, wọ́n á so ó tààrà. Kí oṣù tó parí, ẹ́ńjìnnì Golf 3 ni yóò wà níbi tí oníhò 12 wà, a ó sì máa bá ẹni tó ni ín yọ̀ pé ó ra Passat.

Ẹ bá wa kí Audi.

Èmi ni àbúrò yín,
Ọ̀kan lára àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ ní Volks.