Ọwọ́ Mi Nìkan Ló Gba Aró

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Ẹ̀yìn Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, níbi tí òórùn aró ti ń pàdé èèyàn lójú ọ̀nà láàárọ̀. Mo wá rò pé ẹni tó gbọ́ òórùn aró dàgbà ti mọ aró í rẹ. Irọ́ gbuu!

Iléyá ku díẹ̀, mo gbọ́ iye tí wọ́n ń ta kámpálà, mo pòṣé. Mo ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun l'òkìrìkà, mo gé aṣọ òwú funfun tuntun kún un, mo ra aró lẹ́búlẹ́bú àti kọ́sítíìkì sódà. Ìyá tó tà á fún mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti fọ ṣítáàṣì ara aṣọ yín kúrò?" Mo ní, "Màmá, tuntun ni, kò dọ̀tí." Ó wò mí títí, ó ká owó rẹ̀ bọ abẹ́ ìró.

Aṣọ tuntun gan-an ni ṣítáàṣì ilé iṣẹ́ máa ń wà lára rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí aró wọlé. Ó yẹ kí n mọ̀: láfún ṣíṣè làwọn ìyá wa fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí aró má baà dé ibi tí wọ́n yà. Tèmi wá di ẹlẹ́kọ látòkè délẹ̀, àwòrán ni kò sí.

Ìko tí mo fi so aṣọ náà kò yọ mí lẹ́nu. Sódà ló bá mi jà. Mo dà á sínú ìkòkò alumíníọ̀mù, mo wá bu omi lé e. Kò síná lábẹ́ ìkòkò o, àmọ́ omi ń hó, ó ń ta pàrà, ara ìkòkò ń dúdú. Ó ta sí mi lọ́rùn ọwọ́. Ó kọ́kọ́ yọ̀ bí ọṣẹ, ìgbà tó yá ló tó ta mí. Ìyàwó mi sáré jáde: "Bàbá Ìbejì, ṣé ìkòkò ọbẹ̀ mi nìyẹn?" Ó bú mi, ó ń fà mí lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Kò jẹ́ kí n yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ omi fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò sì dákẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ike ni mo lò, àmọ́ mo tún gbàgbé ìbọ̀wọ́. Aṣọ tuntun gba aró lábàlá bí ara ẹni tó ní làpálàpá. Ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà? Pọlísítà ni. Mo ṣan án báyìí, ó funfun padà. Èékánná mi ló dúdú kirikiri dé Yídì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú, ẹ fa fọ́nrán òwú kan lára aṣọ, kí ẹ fi iná ràn án kí ẹ tó sanwó. Òwú gidi á di eérú. Pọlísítà á yọ́, á ṣù, á sì le. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ aṣọ tuntun dáadáa. Sódà ni kí ẹ máa rọra dà sínú omi tútù, ẹ má da omi lé sódà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó yín kọ́ ni kí ẹ lò o.