Ọ̀gbẹ́ni Tó Wá Ìkàrẹ́ Dé Ìkẹ́rẹ́

Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó gbà pé òun mọ ilẹ̀ Yorùbá bí ẹni mowó. Ẹ dárúkọ ìlú yòówù, yóò ti máa mi orí: "Ibẹ̀ yẹn? Mo mọ ibẹ̀." Ẹ má wulẹ̀ wádìí rẹ̀ lọ títí. Èmi ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe nígbà tó ń wá ilẹ̀ Àkókó kiri kò ṣe é fi "èmi" sọ kí ojú má tini, nítorí náà ọ̀gbẹ́ni yìí la ó máa pè é.

Ìkàrẹ́ ló ń lọ, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà-Oòrùn Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àkúrẹ́ ló ti fẹ́ wọkọ̀. Ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ lọ Ìkàrẹ́ á kọjú sí Ọ̀wọ̀, á gba Ọ̀bà-Àkókó, á gba Àkùngbá tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà, kó tó dé ibi tó ń lọ. Àwọn àgbà ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ọ̀gbẹ́ni yìí náà sì béèrè. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀pà kún ẹnu rẹ̀ nígbà tó ń béèrè. Agbèrò ń pariwo "Ìkẹ́rẹ́, ó ku ẹnì kan!", òun gbọ́ "Ìkàrẹ́". Ó ní, "Ṣé ọkọ̀ Ìkàrẹ́ nìyí?" Agbèrò gbọ́ "Ìkẹ́rẹ́", ó ní, "Ẹ wọlé, ọ̀gá mi, ẹ̀yin là ń dúró dè." Ó wọlé, ó sì sùn lọ fọnfọn.

Bí wọ́n ṣe kọjá Ìjú àti Ìta-Ògbólú, kò mọ̀. Ìgbà tó lajú, àpáta ńlá kan ló rí lókè ìlú. Wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé àárín òkè ni Ìkàrẹ́ wà. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún fìlà ṣe, ó lọ bá ìyá kan tó ń ta iṣu.

"Ẹ kúulé mà. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà ààfin Olúkàrẹ́ ńkọ́?"

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Olúkàrẹ́ kẹ̀? Ọmọ mi, Ògògà ló ń jọba níbí."

Àpáta tó ń wò yẹn ni Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló sì wà. Ó ti gba ọ̀nà Adó-Èkìtì, ó ti kẹ̀yìn sí Àkókó pátápátá. Ìyá náà ta iṣu fún un, ó sì júwe ibi tí yóò ti wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́.

Kí ẹ tó bú u, ẹ gbọ́ ẹjọ́ tó lè rò. Láti ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ títí di ọdún 1996 tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì lára rẹ̀, inú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni Ìkàrẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́ wà. Ogún ọdún gbáko ni ẹni tó bá kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú wọn fi ń gbọ́kàn lé lẹ́tà kan péré láàrin orúkọ ìlú méjèèjì, tó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé ọwọ́ òun hàn gbangba. Ìkàrẹ́ mìíràn tún wà létí omi ní Èkó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéni lọ. A dúpẹ́ pé ọ̀gbẹ́ni yìí kò tíì dé èyí.

Ti Ọ̀kà ló tún wá burú jù, nítorí kò kúrò lórí àga tó fi ṣi Ọ̀kà wá. Bàbá ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀kà-Àkókó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, níbi tí Olúbàkà ti ń jọba. Ó fẹ́ lọ kí bàbá, ó sì fẹ́ ní ọ̀rọ̀ ìlú lẹ́nu kó tó débẹ̀. Ó tẹ "Oka" sórí fóònù, láìfi ohunkóhun kún un. Ohun tó jáde pọ̀ ju ohun tó ń wá lọ. Odò Oka wà ní Rọ́ṣíà, ó gùn tó 1,500 kìlómítà kó tó dà sínú odò Volga. Mọ́tò kékeré kan wà tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi orúkọ odò náà sọ. Ìlú Oka wà ní Quebec ní Kánádà, tí àwọn mọ́ńkì Trappist ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàrà kan tó lókìkí láti ọdún 1893. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti fẹ́ fẹ pápá gọ́ọ̀fù lójú ní ọdún 1990 dé ilẹ̀ tí àwọn ará Mohawk ń pè ní tiwọn, tí itẹ́ òkú wọn wà níbẹ̀. Ìjà náà gba ọjọ́ 78, àwọn sójà sì dá sí i.

Ọ̀gbẹ́ni yìí ka gbogbo rẹ̀ wéréwéré lóru, oorun sì ń kùn ún. Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá, wàrà ló kù lórí rẹ̀.

"Bàbá, mo gbọ́ pé wàrà Ọ̀kà dùn, pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹ ti ń ṣe é."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Wàrà? Ọmọ mi, àwọn Fúlàní ló ń ta wàrà. Ta ló rí wa tí à ń fún màlúù?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Ṣé ara ọkọ ẹ yá ṣá?" Wọ́n gbé iyán wá. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ wàrà, àfi àwọn ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tí bàbá wá jẹun tán, ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá ní Ọ̀kà lòun ń lọ kò tíì sọ ibi tó ń lọ. Ọ̀kà ní Òkè-Ọ̀kà lórí àpáta, ó ní Ìwàrọ̀, ó ní Ayégúnlẹ̀, ó ní Ayépé, ó ní Bọ́lọ́rundúró, àti àdúgbò mìíràn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí ló tún ní alábàárìn níbòmíràn. Bọ́lọ́rundúró ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó. Ayégúnlẹ̀-Gbẹ̀dẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí.

Kí ló ń fà á tí orúkọ kan fi ń di ti ọ̀pọ̀ ìlú? Àkọ́kọ́, ogun àti ìrìn àjò. Nígbà tí ogun fọ́ Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará ibẹ̀ gbé orúkọ wọn dání. Wọ́n dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1834, Òwu wà níbẹ̀ títí dòní. Òwu-Ìjẹ̀bú wà, Orílé-Òwu sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀yọ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀: nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé dahoro ní àwọn ọdún 1830, Aláàfin Àtìbà tẹ olú ìlú tuntun dó, orúkọ Ọ̀yọ́ sì bá a lọ. Ilé wó, orúkọ kò wó.

Èkejì, ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ kò yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá tẹ ibùdó tuntun dó kì í sọ ọ́ ní Ìyàlágbára. Ayétòrò ni, tàbí Arárọ̀mí, tàbí Ayégúnlẹ̀. Nítorí náà la fi ní Ayétòrò létí òkun ní Ìlàjẹ, tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí a tún ní Ayétòrò ní Yewa, tí a sì ní òmíràn ní Èkìtì àti ní Kogí. Ẹ̀kẹta, ìjókòó ilẹ̀. Níbi tí òkè bá wà, odò kì í jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni Ìgbàrà-Òkè ṣe wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Ìgbàrà-Odò sì wà ní Èkìtì.

Ìjọba náà ò gbẹ́yìn. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, orúkọ mẹ́fà ló jẹ́ ti méjì-méjì: Bassa, Nasarawa, Obi, Sùúrùlérè, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ìfẹ́lódùn. Mẹ́ta nínú mẹ́fà jẹ́ tiwa. Sùúrùlérè wà ní Èkó, ó tún wà ní Ọ̀yọ́, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìrẹsà-Adú. Ìrẹ́pọ̀dùn ti Ọ̀ṣun jókòó sí Ìlobùú, ti Kwara jókòó sí Òmù-Àrán. Ìfẹ́lódùn ti Ọ̀ṣun wà ní Ìkìrun, ti Kwara wà ní Ṣàárẹ́. Àwọn ará Èkìtì kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, wọ́n so méjèèjì pọ̀: Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, olú ìlú rẹ̀ ni Ìgèdè-Èkìtì. Odindi orílẹ̀-èdè tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1975 ni Dahomey yí orúkọ padà sí Benin, nígbà tí ìlú Benin ti Ọba Ẹdó ṣì wà ní Nàìjíríà níbí, kò kúrò níbi tó wà.

Àwọn baba wa ti rí ìṣòro yìí, wọ́n sì ti yanjú rẹ̀. Tí tíṣà bá pe "Ṣọlá" ní kíláàsì, tí ọmọ mẹ́rin dìde, orúkọ bàbá ni yóò mú mẹ́ta jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Adó-Èkìtì, Adó-Odò àti Adó-Àwáyè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì. Àwa ọmọ ìkánjú la gé orúkọ bàbá sọnù. Kódà Àkókó alára kò dá dúró tó: ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló ń jẹ́ ẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Akoko-Edo sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Igarra.

Ọ̀gbẹ́ni yìí ti mọ gbogbo èyí tán nígbà tí àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ ránṣẹ́. "Ọ̀bà ni o, ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Sátidé." Ó ní, "Mo mọ ibẹ̀." Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́: Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ó débẹ̀, ó bá àgọ́ tí wọ́n pa, ìlù ń dún. Aṣọ ẹbí tó wọ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, ó ní ìdílé ìyàwó ni wọ́n. Ó jókòó, ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ mọ́ín-mọ́ín, ó jó dé iwájú, ó ná owó fún ìyá ọkọ tí kò mọ̀ rí. Bó ṣe ń nu òógùn ni fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ wà? A ti ń ṣe àdúrà ìkẹyìn."

"Mo ti dé tipẹ́! Mo tilẹ̀ ti jẹun."

"Oúnjẹ ta lẹ jẹ? Ọ̀bà-Àkókó la wà o!"

Ó yọ́ jáde níbẹ̀, ó mú ike ìpápánu tí wọ́n fún un dání, nítorí ó ti náwó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Tí ẹ bá ń kọ àdírẹ́sì, ẹ kọ àdúgbò, ẹ kọ ìlú pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ kọ ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gbé ẹrù, fún ọlọ́kọ̀, àti fún ẹni tí ẹ bá pè síbi ìnáwó. Tó bá sì ní "mo mọ ibẹ̀", ẹ ní kó sọ orúkọ ọba tó wà níbẹ̀ kó tó wọkọ̀.