Ẹ Má Kọ́ Mi Ní Íntánẹ́ẹ̀tì Mọ́, Ẹja Mi Ń Yọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń ràn mí lọ́wọ́. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò sí ẹni tí mò ń sá fún ní Ajégúnlẹ̀ bí àwọn ọmọ tó so káàdì mọ́ ọrùn, tí wọ́n ní àwọn wá kọ́ àwa oníṣòwò kéékèèké bí a ó ṣe máa rí owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ́ wa, báńkì ń kọ́ wa, ẹgbẹ́ tí òyìnbó ń fún lówó ń kọ́ wa, olóṣèlú náà ń kọ́ wa bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fún wa ní mítípáì àti omi inú ike, gbogbo wọn ló ń tò wá síwájú bánà, tí wọ́n ń ya wá ní fọ́tò. Ká ní fọ́tò ṣe é tà ní kílò ni, mo ti kọ́lé sí Festac.

Ẹja inú yìnyín ni mò ń tà. Mò ń ra Titus, ṣàwá àti pánlá ní páálí páálí lọ́dọ̀ àwọn oníkóòdù-rúùmù, mo sì ń já a tà ní kílò. Ohun mẹ́ta péré ni òwò mi ń fẹ́: iná tí kò ní lọ, ọ̀nà tí kò ní dí, àti oníbàárà tí owó rẹ̀ máa wọlé lóòótọ́. Nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti pè mí sí, mi ò tíì gbọ́ ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mò ń gbọ́. Olùkọ́ tó wá kẹ́yìn, ọmọ Lẹ́kì ni. Ṣòkòtò rẹ̀ kò dé kókósẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀, ní Ajégúnlẹ̀ yìí tí Ìgbò, Ijaw, Urhobo, Ìlàjẹ àti gbogbo Yorùbá yòókù ti jọ ń fi pijin nájà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní ìtàn ló ń tajà láyé òde òní, pé kí oníkálukú dìde kó sọ ìtàn ọjà rẹ̀. Èmi ló nawọ́ sí. “Dádì, ẹ sọ ìtàn ẹja yín fún wa.”

Ìtàn ẹja! Mo dìde. Mo ní wọ́n mú un, ó kú, wọ́n dì í, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, ó dé Àpápá, mo rà á. Gbogbo họ́ọ̀lù ń wò mí. Mo wá fi kún un pé mo fẹ́ tà á kó tó yọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ ní ìtàn náà kò tíì wọni lára tó. Kí ni kí n tún sọ? Kí n ní ẹja náà fi aya àti ọmọ sílẹ̀ ní Nọ́wè?

Ìyẹn tiẹ̀ tún sàn. Ó ní kí n máa jó níwájú fírísà, kí n di Titus kan mú bíi máíkì, kí wọ́n ká fídíò rẹ̀ sórí TikTok. Èmi tí orúnkún ti ń dá lóró láti ayé Abacha! Ọmọ mi obìnrin kò jẹ́ kí n sinmi, bẹ́ẹ̀ ni mo jó. Ẹ ò rí báwọn èèyàn ṣe wò ó. Wọ́n wò ó ní Kánádà, wọ́n wò ó ní Dùbáì, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹnì kan kọ̀wé láti Houston: “Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ẹ lè fi páálí kan ránṣẹ́ sí wa níbí?” Ẹja tó ti òkè òkun wá, tó wọkọ̀, tó sanwó kọ́sítọ́ọ̀mù, òun ni kí n tún dá padà! Kò sí ẹni tó ra ìdajì kílò nínú gbogbo wọn. Ìyá tó ń dín ẹja ní òdìkejì títì, tó jẹ́ oníbàárà mi gidi, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti ra ṣàwá lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun rò pé mo ti fi ẹja sílẹ̀, pé mo ti di eléré.

Wọ́n tún ní kí n má kọ iye ọjà síta mọ́. Kí n sọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ iye pé kó wá bá mi ní kọ̀rọ̀, nínú ínbọ́ọ̀sì. Ọjà wo la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ní ọjà Boundary, kó o tó dúró dáadáa ni ìyá ọlọ́jà ti pe iye, tó ti búra pé òun ò jèrè kọ́bọ̀ níbẹ̀. Mo ṣáà ṣe bí wọ́n ṣe wí. Bí òru ṣe ń jìn, obìnrin kan kọ̀wé sórí fóònù mi: “Ẹ̀yin lẹ ní ká wá bá yín ní ínbọ́ọ̀sì?” Ìyàwó mi ló gbé fóònù. Títí di òní, Ìyá Ìbejì kò gbà pé ọ̀rọ̀ pánlá ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bi ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yìí pé kí ni òun alára ń tà. Ó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ta ló ń rà á. Ó ní àwọn tó ń fún ẹgbẹ́ àwọn lówó ni. Mo wá rí i pé nínú àwa méjèèjì, òun nìkan ló rí ọjà tà lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 2011, Google gbé ètò kan dé Nàìjíríà, Get Nigerian Businesses Online, pé kí oníṣòwò kéékèèké lè ní ojúlé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2017, ọ̀gá wọn pátápátá, Sundar Pichai, wá sí Èkó fúnra rẹ̀, ó ní àwọn máa kọ́ mílíọ̀nù 10 èèyàn ní Áfíríkà ní ìmọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọdún 5. Nígbà tó di Oṣù Kẹta 2024, wọ́n ti àwọn ojúlé ọ̀fẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ṣe sórí Google Business Profile pa, jákèjádò ayé. Ilé ọ̀fẹ́ kì í ní ìwé ilẹ̀. Ẹni tó ti kọ àdírẹ́sì yẹn sára bọ́ọ̀dù, tó ti tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá àti aṣọ àwọn ọmọ iṣẹ́, kó lọ ra ọ̀dà nìyẹn.

Ká má purọ́ mọ́ èèyàn ṣá o, àwọn kan ṣe é dáadáa. Paradigm Initiative tí 'Gbenga Sesan dá sílẹ̀ ní 2007 mú Ajégúnlẹ̀ wa yìí, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Ajegunle.org, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà àti bí èèyàn ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Irú wọn kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹni tó wá ní òwúrọ̀, tó ya fọ́tò tán, tó sì ń sáré kí gòsiló Mile 2 má baà ká a mọ́, òun ni mo ní lọ́kàn.

Àwọn olùkọ́ yìí kì í sọ fún wa bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kú. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú pátá fún bíi wákàtí 6. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun lọ́nà Abidjan. Fóònù ń yí bírí, owó kò lọ, owó kò bọ̀. Ẹja ló kún ibi tí okùn náà ti já, síbẹ̀ wọn ò ta àwọn ẹbí wọn tó wà nínú fírísà mi lólobó. Ìyẹn ò sì dín iye dátà kù. Ní Oṣù Kìíní 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Dátà tí mo fi gbé ijó mi sókè, mi ò tíì rí owó rẹ̀ pa padà. Iná ńkọ́? Fírísà àti ṣájà jọ ń fa jẹnẹrétọ̀ kékeré kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni.

Ká tiẹ̀ ní oníbàárà ti rí mi lórí fóònù, báwo ni ẹja ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Àpápá ni àwọn akọ̀wé tó ń gbowó oṣù wà, kò sì jìnnà síbí. Ṣùgbọ́n láti Oṣù Kẹfà 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá. Ẹ wá wo tírélà, àwọn náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Ní Oṣù Kejì 2021, àwọn NPA tó ń ṣàkóso pọ́ọ̀tù gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Ètò: tírélà kankan ò gbọdọ̀ yọjú sí pọ́ọ̀tù àfi tí wọ́n bá ti pè é lórí ẹ̀rọ. Mi ò ní sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tírélà tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Titus mi á sì wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa làágùn.

Olùkọ́ kan bá mi fi ṣọ́ọ̀bù sórí máàpù. Mo dúpẹ́ tán, ni ọmọ dísípáàṣì bá pè mí. “Dádì, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín o, àmọ́ omi ni mò ń rí.” Máàpù ti gbé èmi àti ẹja mi jù sínú kánáàlì. Mo ní, “Ọmọ mi, yí padà. Tó o bá dé ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà, béèrè ìyá onídòdò. Tó o bá ti rí wọn, wo iwájú ẹ, èmi ni mo dé fìlà pupa.” Kò pẹ́ tó fi dé. Ìyá onídòdò kò sí lórí máàpù kankan, àwọn ló sì ń júwe ọ̀nà mi fún gbogbo ayé.

Ti owó ló wá burú jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ pààrọ̀ náírà, tí owó wá wọ́n bí ojú, tipátipá la fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó sórí fóònù, àlẹ́ẹ̀tì sì ń sùn lọ́nà. Ó tún ku àwọn ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Oníbàárà á na fóònù sí mi lójú: “Bàbá, ẹ wò ó, ó ti lọ.” Mo mọ̀ pé ó ti lọ, ibo ló lọ? Àwa méjèèjì á dúró. Òun á máa wojú mi, èmi á máa wojú fóònù tèmi, ẹja á wà nínú ọ̀rá láàárín wa, tí omi rẹ̀ ń kán sórí tábìlì. Bó bá jẹ́ olóòótọ́, mo ti fi ojú olè wò ó. Bó bá jẹ́ ọmọ Yahoo, mo ti jẹ gbèsè. Ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́ de àlẹ́ẹ̀tì, wọn ò kọ́ mi.

Bí owó bá sì tiẹ̀ wọlé nígbà náà, tó bá ti tó 10,000, náírà 50 ìjọba ti máa ń dúró dè é. A sá lọ sí báńkì orí fóònù. Nígbà tó di Oṣù Kejìlá 2024, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Ni mo bá ń bẹ ẹni tó ra ọjà 19,000 pé kó jọ̀ọ́ fi 9,500 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ṣé ẹja ni mò ń tà ni, àbí ìṣirò.

Ẹ má rò pé mo kórìíra íntánẹ́ẹ̀tì o. Fóònù ń bá mi tajà lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fi hàn mí, lórí bẹ́ǹṣì, láàárín oníbàárà kan sí èkejì, kò sí bánà, kò sí mítípáì. Ní ìdájí, bí mo bá ti já páálí, mo máa ya ẹja náà bó ṣe wà, kí wọ́n rí ojú rẹ̀ pé ó mọ́. Mo máa kọ iye rẹ̀ gàdàgbà, mo máa gbé e sórí WhatsApp status. Àwọn tó ń wò ó kì í ṣe ará Houston. Ìyá tó ń se oúnjẹ fún àwọn lébìrà pọ́ọ̀tù ni, àti ìyá ẹlẹ́ja díndín ní Amùkòkò, àti oníbúkà kan ní Olódì Àpápá. Kí oòrùn tó yọ, iṣẹ́ ti dé: “Bàbá, ṣàwá kílò mẹ́ta, ẹ bá mi ṣa àwọn tó tóbi.” Gbogbo ayé tí mo fẹ́ tajà fún kò kọjá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé ọmọ mi dé kí yìnyín tó yọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, àyè wà, àmọ́ kó gbọ́ òfin. Kó wá bá mi nídìí ọjà. Mi ò ní ti ṣọ́ọ̀bù torí kí n lọ bá a ní họ́ọ̀lù. Kó sọ èdè tí mo fi ń nájà. Kó fi hàn mí bí mo ṣe máa gba nọ́ńbà mi padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi ní Mile 2, torí inú nọ́ńbà yẹn ni gbogbo oníbàárà mi wà. Kó kọ́ mi bí mo ṣe máa kọ àwọn tó jẹ mí lówó sínú fóònù, torí ògiri ti kún fún ṣọ́ọ̀kì, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárí gbèsè ji àwọn kan. Kó yọ ṣọ́ọ̀bù mi kúrò nínú kánáàlì. Ẹni tó bá ṣe ìwọ̀nyí, Titus tó sanra jù nínú fírísà, ọ̀fẹ́ ni fún un, mo tún máa bá a gé e. Ẹni tó bá sì tún ní kí n jó, kó kọ́kọ́ ra páálí kan ná. Owó ọwọ́ ni kó mú wá o. Mi ò ń wo àlẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ẹlòmíì.